Navara tí wọ́n gbé sókè, tí ìdí rẹ̀ ń wolẹ̀ bó bá gbé epo: kọ́ìlì wo ni kí n fi sẹ́yìn rẹ̀?

Ọmọ Elépo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Òṣogbo ni mo wà, ní Òkè-Baálẹ̀. Ọkọ̀ màámi ni mò ń wà: Nissan Navara onílẹ̀kùn mẹ́rin, ìran èyí tó jáde ní 2014, tòkunbọ̀ la rà á. Ẹni tó lò ó kó tó dé ọwọ́ wa ti gbé e sókè ní ínṣì 2, níwájú àti lẹ́yìn. Gíga yẹn gan-an ló wù wá, torí ọ̀nà oko tí à ń gbà. Epo pupa là ń kó láti àwọn abúlé apá Ìbòkun wá sí ọjà Ìgbọ̀nà: kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, ọgbọ̀n kẹ́ẹ̀gì lẹ́ẹ̀kan, ìrìn mẹ́rin lọ́sẹ̀.

Bó bá ṣófo, kò sí wàhálà. Bí a bá ti di ẹrù tán báyìí, ìdí rẹ̀ á jókòó sílẹ̀, iná iwájú á máa tàn sójú ọ̀run, àwọn tó ń bọ̀ níwájú á máa ṣẹ́ iná sí mi. Gálọ́ọ̀pù tí mo bá já sí, màá gbọ́ "gbàà" lábẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kẹ́ẹ̀gì 2 là, epo ṣàn kún inú bọ́dì. Àdánù yẹn dun màámi, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n lẹ́yìn gbogbo ìrìn ló ń ká èmi lára jù.

Wẹ́dà kan ládùúgbò ní òun á fi iná na kọ́ìlì, ìyẹn irin tó lọ́ roboto tó ń gbé ìdí ọkọ̀, kó lè ga. Ẹlòmíràn ní kí n lọ ra èyí tó ga ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ki rọ́bà sí i. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká ṣe?

Hilux Ọ̀kínní

Àbúrò, fi ewé irin kan, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tò léra, kún un lẹ́yìn. Èmi fi ẹyọ kan kún ti Hilux mi, mò ń gbé búlọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà Ẹdẹ, ìdí rẹ̀ kò sì wolẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá Abúlé Mẹkáníìkì

Hilux, ewé irin ló gbé tìrẹ. Navara tí ọmọ yìí ń sọ, kọ́ìlì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, bíi ti jíìpù. Kò sí ibi tí a ó so ewé mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọkàn tán orúkọ nìkan o. Navara ìran kan náà wà tí wọ́n fi ewé irin sí lẹ́yìn rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè mìíràn, tòkunbọ̀ sì lè ti ibikíbi wá. Kí èèyàn tó ná kọ́bọ̀, kó kọ́kọ́ tẹríba wo abẹ́ ọkọ̀.

Ọmọ Elépo, jẹ́ n bá ẹ sọ̀rọ̀ wẹ́dà yẹn ná, torí ìyẹn ló lè pa èèyàn. Irin kọ́ìlì kì í ṣe irin lásán. Nílé iṣẹ́, wọ́n ti mú un pọ́n, wọ́n ti rì í bọ òróró kó le, wọ́n sì tún ti yá a níná díẹ̀ kó má baà gbẹ jù. Ìyẹn ló fi ń tẹ̀ tó sì ń padà sípò. Bí wẹ́dà bá fi gáàsì sun ibì kan títí tó fi pọ́n, ó ti ba ìtọ́jú yẹn jẹ́: ibì kan á rọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á gbẹ. Á ga lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e fún ẹ. Láàárín oṣù díẹ̀, yálà kó tún wolẹ̀, tàbí kó kán. Mo ti yọ méjì tó kán lábẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé iyanrìn, ibi tí iná ti kàn án ni méjèèjì ti já. Ọ̀kan nínú wọn já lórí eré, etí rẹ̀ sì gún táyà.

Ti rọ́bà tí wọ́n ń ki sáàárín kọ́ìlì, mo mọ̀ pé ó pọ̀ nígboro, èmi náà ti ṣe é rí fún ẹni tí kò lówó. Mi ò ṣe é mọ́. Ibi tí rọ́bà wà kò lè tẹ̀, gbogbo wàhálà á wá bọ́ sọ́rùn ìyíká tó kù. Ẹ̀gbẹ́ rọ́bà yẹn náà ni omi àti ẹrẹ̀ máa ń fara pamọ́ sí, ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nísinsìnyí, bọ́ sábẹ́ ọkọ̀ yẹn kí o wo òkè kọ́ìlì méjèèjì. Ṣé o rí nǹkan roboto kan, rọ́bà tàbí irin funfun, tó wà láàárín orí kọ́ìlì àti ṣáàsì? Sọ ohun tí o bá rí fún mi.

Ọmọ Elépo

Ẹ ṣé, ọ̀gá mi. Mo ti wò ó. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, irin funfun, ó ga tó 50 mm. Kọ́ìlì fúnra rẹ̀ ti pẹ́, ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó.

Ọ̀gá Abúlé Mẹkáníìkì

Ohun tí mo rò náà nìyẹn. Sípésà ni. Ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ kò pààrọ̀ kọ́ìlì rárá, ó kàn fi àpótí ìtẹsẹ̀ sábẹ́ ẹni kúkúrú ni. Gíga ọkọ̀ yí padà, agbára rẹ̀ kò yí padà. Kọ́ìlì tó ń gbé èèyàn mẹ́rin àti àpò ìrìn-àjò náà ni ẹ ń di epo lé lórí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í rèé. Gíga lọ́tọ̀, agbára lọ́tọ̀. Ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ olùtajà tó ní "ẹ fún mi ní kọ́ìlì tó ga," gíga ni wọ́n máa tà fún un.

Tíṣà Irin

Ẹ kú àlàyé, ọ̀gá. Iṣẹ́ irin ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níbí, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò díẹ̀ ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn.

Ohun mẹ́ta ló ń pinnu bí kọ́ìlì ṣe le tó: ìnípọn irin rẹ̀, bí ìyíká rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, àti iye ìyíká tó ń ṣiṣẹ́. Ìnípọn ló lágbára jù. Bí o bá fi iye kan sọ ìnípọn irin náà, ìwọ yóò sọ iye yẹn di púpọ̀ nípa ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ìṣirò. Ẹ mú kọ́ìlì onírin 14 mm àti ti 15 mm, kí fífẹ̀ àti iye ìyíká wọn dọ́gba: ti 15 yóò fi nǹkan bí ìdá 32 nínú 100 le ju ti 14 lọ. Ti 16 mm yóò fi ìdá 70 jù ú lọ. Ojú lásán kò rí mìlímítà kan, ẹ̀yìn ọkọ̀ rí i. Ẹ mú fánìà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìnípọn, dání lọ sọ́jà.

Ní ti iye ìyíká, bó bá ṣe kéré sí i ni kọ́ìlì ń le sí i. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí wọ́n gé kọ́ìlì rẹ̀ fi máa ń le bí pákó, bó tilẹ̀ ti kúrú. Ìdí kan náà ni rọ́bà àárín kọ́ìlì fi dà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́: ó ti sọ ìyíká kan di òkú.

Àbúrò, kí o tó ra ohunkóhun, jẹ́ ká wọn kọ́ìlì tó wà níbẹ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì 10 ló máa ṣe é, 50 kílò ni àpò kan, gbogbo rẹ̀ 500. Gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Fi téèpù wọn ọ̀kánkán àárín rímù táyà lọ sókè títí dé etí bọ́dì tó bo táyà, ọ̀tún àti òsì, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. To àpò 10 náà gẹ́lẹ́ sókè ààsìlì ẹ̀yìn, 5 lọ́tùn-ún, 5 lósì. Mi ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì kó lè jókòó dáadáa, kí o tún wọ̀n ọ́n. Bákan náà, kí ọkọ̀ tó gba ẹrù, wọn àlàfo tó wà láàárín ààsìlì àti rọ́bà dúdú tó ń gba ìkọlù rẹ̀ lábẹ́ ṣáàsì.

Ìyá Ọlọ́sàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi náà Navara ni mo ní, ọsàn àti ẹ̀gẹ́ ni mo fi ń kó. Bálúùn afẹ́fẹ́ ni mo ra, èyí tí wọ́n ń ki sínú kọ́ìlì tí wọ́n sì ń fún lẹ́ńtù bíi táyà. Ó ṣiṣẹ́ fún mi, mi ò ní parọ́. Bí mo bá di ọsàn, a fún un, ìdí ọkọ̀ á dìde. Bí mo bá jálẹ̀ tán, a tú u díẹ̀, ọkọ̀ á tún rọ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ṣe mí. Àkọ́kọ́, ẹni tó bá mi dè é so méjèèjì pọ̀ mọ́ ihò kan ṣoṣo. Bí mo bá ti ń yí kọ́nà, afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan á sá lọ sí èkejì, ọkọ̀ á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni fẹ́ ṣubú. Ní kọ́nà kan lójú ọ̀nà Ìkìrun, mo ké pe Ọlọ́run. Kí ọ̀tún ní ihò tirẹ̀, kí òsì ní tirẹ̀. Èkejì, mo máa ń tú u tán pátápátá bí ọkọ̀ bá ṣófo. Ìwé tó bá a wá sọ pé kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju 5 psi, èmi kò kà á. Kọ́ìlì ká a mọ́ra, ó ya. Èyí tí mo rà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń lọ sí ọdún kejì.

Ẹni tó ń gbé ẹrù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bíi tèmi ni nǹkan yìí wà fún. Ọmọ tó ń gbé epo ní ìrìn mẹ́rin lọ́sẹ̀, kọ́ìlì gidi ni kó rà.

Ọmọ Elépo

Ẹ ṣé gan-an, mà. Tíṣà, mo ti wọ̀n ọ́n, àbúrò mi àti aládùúgbò wa tó ń kọ́lé ló bá mi ṣe é.

Òfìfo: 580 mm lọ́tùn-ún, 580 lósì. Pẹ̀lú àpò 10: 490 ní méjèèjì. Àlàfo tó wà lábẹ́ rọ́bà dúdú nígbà tó ṣófo jẹ́ 120 mm.

Tíṣà Irin

O ṣe é dáadáa. Ó wolẹ̀ ní 90 mm. Ẹrù 500 pín sọ́nà méjì jẹ́ 250 fún ẹ̀gbẹ́ kan. 250 pín sí 90: kọ́ìlì rẹ ń gbé 2.78 kílò lórí mìlímítà kan. Bí o bá rí i lórí ayélujára tí wọ́n kọ agbára kọ́ìlì sí lb/in (pọ́n-ùn lórí ínṣì kan), fi 56 sọ tiwa di púpọ̀: tìrẹ á jẹ́ nǹkan bí 156.

Wá wo epo. Epo pupa fúyẹ́ ju omi lọ díẹ̀, lítà 25 rẹ̀ kò tó kílò 23. Bí a bá fi kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀ kún un, ká pè é ní 24. Ọgbọ̀n kẹ́ẹ̀gì jẹ́ 720 kílò, 360 fún ẹ̀gbẹ́ kan. 360 pín sí 2.78 jẹ́ 130 mm. Àlàfo tí o ní kò ju 120 lọ! Ìyẹn ni pé kí o tó kúrò níbi tí ẹ ti ń di ẹrù, ààsìlì ti jókòó sórí rọ́bà. Kò sí kọ́ìlì mọ́ nígbà yẹn, ṣáàsì ló ń gba gbogbo gálọ́ọ̀pù láti Ìbòkun dé ilé, màmá rẹ sì jókòó lórí rẹ̀.

Ká ní o rí kọ́ìlì tó ń gbé 4.5 kílò lórí mìlímítà, ìyẹn nǹkan bí 250 ní lb/in. Ọgbọ̀n kẹ́ẹ̀gì á tẹ̀ ẹ́ ní 80 mm. Kẹ́ẹ̀gì 24, ìyẹn 576 kílò, á tẹ̀ ẹ́ ní 64.

Nǹkan kan wà níbí tí inú mi máa ń dùn láti fi han àwọn ọmọ. Ọkọ̀ tó ṣófo náà ti ń tẹ kọ́ìlì. Ká sọ pé kílò 300 ló wà lórí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn. Kọ́ìlì àtijọ́ á ti wọlé ní 108 mm lábẹ́ rẹ̀, tuntun á wọlé ní 67 péré. Bí gígùn wọn bá dọ́gba nígbà tí wọ́n wà nílẹ̀, tuntun nìkan á gbé ìdí ọkọ̀ sókè ní 41 mm. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sípésà yẹn. Nítorí náà, yọ sípésà kúrò bí o bá ti fẹ́ fi tuntun sí i. Bí o bá fi méjèèjì pọ̀, ìdí ọkọ̀ á ga ju orí lọ, ọ́ọ̀sì bíréèkì á sì na tán.

Ọmọ Òṣogbo ní Texas

Ẹ ǹlẹ́ o, ará ilé. Níbí, Ram 1500 ti ń lo kọ́ìlì lẹ́yìn láti ìran 2009, Toyota náà sì ti fi kọ́ìlì sẹ́yìn Tundra ìran 2022, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kún ẹnu àwọn oní-píkọ́ọ̀pù. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ fi kún un: olùtajà tó mọṣẹ́ kì í béèrè bóyá o fẹ́ èyí tó le. Ó máa ń béèrè pé, "Kílò mélòó ló wà lórí ọkọ̀ yìí lójoojúmọ́?" Ẹrù tí kì í kúrò, bí àpótí irinṣẹ́ tàbí agbeko, ni wọ́n fi ń yan kọ́ìlì.

Kọ́ìlì kan tún wà tí ìyíká rẹ̀ sún mọ́ra lápá kan tó sì jìnnà síra lápá kejì. Bí ẹrù bá kéré, apá tó sún mọ́ra ló ń tẹ̀, ọkọ̀ á rọ̀. Bí ẹrù bá pọ̀, apá yẹn á pa dé, èyí tó le á gba iṣẹ́. Nissan fúnra wọn gba irú ọ̀nà yìí fún Navara tí wọ́n ń tà ní Ọsirélíà, lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà ti sọ pé ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ jù. Ẹni tó ń lọ òfìfo tó sì ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù, bí àbúrò yìí, ìyẹn á bá a lára mu bó bá rí i.

Ọ̀gá Abúlé Mẹkáníìkì

Ọmọ wa ní Texas, o ṣeun. Ọjà tiwa ńkọ́? Tí o bá dé Ládípọ̀, wọ́n á kó tòkunbọ̀ síwájú rẹ. Kọ́ìlì tòkunbọ̀ burú ju kí èèyàn ra redíò tòkunbọ̀ lọ, torí o kò mọ iye ọdún tí wọ́n ti fi gbé ẹrù. Bí o kò bá lè ra tuntun, ó kéré tán, gbé méjèèjì dúró sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá kúrú ju èkejì lọ, kúrò níbẹ̀. Fi èékánná yẹ ara irin wò. Ibi tí ìpẹtà ti jẹ ihò kékeré sí ni yóò ti kán. Má ra ẹyọ kan láé, kódà bí ẹyọ kan ló kán. Méjì-méjì ni.

Ní ti ṣọ́ọ̀kù: kọ́ìlì tó le máa ń ta èèyàn padà pẹ̀lú agbára, ṣọ́ọ̀kù ló ń mú un. Ṣọ́ọ̀kù tó ti rọ lábẹ́ kọ́ìlì tuntun, ọkọ̀ á máa jó lórí títì. Ìyẹn nìkan kọ́. Ṣọ́ọ̀kù ni kì í jẹ́ kí ààsìlì bọ́ sílẹ̀ jù bí táyà bá wọ kòtò. Ọkọ̀ tí a gbé sókè ní 50 mm tó ṣì ń lo ṣọ́ọ̀kù àtijọ́, ṣọ́ọ̀kù yẹn ti na fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó kúrò nílé. Ó nílò èyí tó gùn. Ṣùgbọ́n kó má gùn jù: bí ààsìlì bá lè bọ́ sílẹ̀ ju gígùn kọ́ìlì lọ, kọ́ìlì á tú sílẹ̀ nínú àwo rẹ̀.

Mo sì ní láti sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má ṣi àwa mẹkáníìkì gbọ́. Kọ́ìlì tuntun kò sọ ọkọ̀ di tírélà. Ààsìlì, bẹ́ríìnì, bíréèkì àti táyà kò tíì yí padà. Páálí kan wà lára òpó ilẹ̀kùn tàbí nínú ìwé ọkọ̀ tó sọ ìwọ̀n tí gbogbo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá, èèyàn inú rẹ̀ wà lára rẹ̀. 720 kílò epo àti èèyàn 3 ti sún mọ́ 930. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ mi ni, màá dín kẹ́ẹ̀gì kù.

Vọ́gánáísà Òkè-Fìà

Ọ̀gá ti sọ ọ́. Ẹ yẹ afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn wò láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, kì í ṣe nígbà tó bá gbóná. Iye tí páálí sọ fún ẹrù ni kí ẹ fún un. Ẹ̀yin oní-píkọ́ọ̀pù ẹ máa ń rìn káàkiri pẹ̀lú afẹ́fẹ́ òfìfo lábẹ́ ẹrù.

Hilux Ọ̀kínní

Ohun tó máa ń dẹ́rù bà mí nínú àwọn ọkọ̀ kọ́ìlì tí wọ́n gbé sókè ni pé wọ́n ń rìn bí akàn. Mo tẹ̀ lé ọ̀kan láti Ọláìyá, ẹ̀yìn rẹ̀ kò tẹ̀lé iwájú. Wọ́n ní ọ̀pá tó dá ààsìlì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń pè ní panhard, ló ń fà á.

Tíṣà Irin

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Orí kan ọ̀pá yẹn wà lára ṣáàsì, orí kejì lára ààsìlì. Bí ṣáàsì bá ga sí i, ọ̀pá á dagun, á sì fa ààsìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wọn ìbẹ̀rù náà. Bí ọ̀pá bá gùn ní mítà 1, tó sì wà ní ìbú gbọọrọ tẹ́lẹ̀, gíga 50 mm á fa ààsìlì ní 1.25 mm péré. Ká tilẹ̀ ní ó ti dagun ní 50 tẹ́lẹ̀, àfikún náà kò tó 4 mm. Ojú ènìyàn kò lè rí ìyẹn láti ẹ̀yìn. Ọkọ̀ tó ń rìn bí akàn tí àwọn èèyàn ń rí, búùṣì (rọ́bà orí ọ̀pá) tó ti jẹ tán tàbí ṣáàsì tó ti gba ìkọlù rí ni kí ẹ fura sí.

Ọmọ Elépo, fi okùn àti plọ́ǹbù bíríkìlà wò ó: jẹ́ kí okùn wálẹ̀ láti etí bọ́dì, kí o wọn bí táyà ṣe yọ síta sí lọ́tùn-ún àti lósì.

Ọmọ Elépo

Mo wọ̀n ọ́n. Táyà òsì yọ ju ọ̀tún lọ ní 18 mm.

Tíṣà Irin

Ààsìlì ti yẹ̀ ní 9 mm nìyẹn. Gíga nìkan kò lè ṣe gbogbo èyí.

Ọ̀gá Abúlé Mẹkáníìkì

Búùṣì panhard. Gbé ọkọ̀ wá ní Sátidé.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé: ẹ̀yìn kò nílò irin tí a fi ń fún kọ́ìlì pọ̀ bíi ti iwájú, ṣùgbọ́n ó nílò sùúrù. Ẹ fi òkúta di táyà iwájú. Ẹ gbé ṣáàsì sórí ẹsẹ̀ irin méjì tó dúró ṣinṣin. Búlọ́ọ̀kì sìmẹ́ǹtì kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ rárá, ó máa ń fọ́ lójijì láìkìlọ̀. Ẹ fi jáàkì míì gbé ààsìlì díẹ̀ kó tó di pé ẹ tú bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kù, torí kọ́ìlì ṣì ń tì í. Ẹ tú ọ̀pá panhard ní orí kan. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa sọ jáàkì ààsìlì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan máa wo ọ́ọ̀sì bíréèkì, wáyà ABS tó ń bá bíréèkì ṣiṣẹ́ àti ọ́ọ̀sì kékeré tó ń jẹ́ kí ààsìlì mí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ le, ẹ dúró kí ẹ tú u kúrò níbi tó há sí. Ààsìlì kò gbọ́dọ̀ fi ọ́ọ̀sì bíréèkì rọ̀. Kọ́ìlì á tú fúnra rẹ̀, ẹ ó fi ọwọ́ yọ ọ́. Nígbà tí ẹ bá ń dá tuntun padà, orí irin tó gé ní ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ àyè rẹ̀ nínú àwo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ á fì.

Ọmọ Elépo

Ẹ̀yin àgbà, mo padà dé. Mo rí kọ́ìlì tuntun tí wọ́n kọ 250 sí, gígùn rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti àtijọ́ nílẹ̀. Onísún-mọ́ra-onígbòòrò tí ẹ̀gbọ́n Texas sọ kò sí lọ́jà. Ọ̀gá yọ sípésà, wọ́n fi tuntun sí i. Búùṣì panhard ti jẹ débi pé ìka mi wọ inú àlàfo rẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ìyàtọ̀ táyà méjèèjì ti di 6 mm. Owó ṣọ́ọ̀kù kò tíì pé, ọ̀gá ní kí n rọra máa wà á ná, kí n sì máa ka kẹ́ẹ̀gì.

Òfìfo báyìí: 574 lọ́tùn-ún, 573 lósì. Mo tún gbé àpò sìmẹ́ǹtì 10 náà lé e: ó wolẹ̀ ní 57. Tíṣà, mo ṣe ìṣirò náà fúnra mi, ó jẹ́ 4.4. Màámi ti gbà pé kẹ́ẹ̀gì 24 la ó máa kó, a ó fi ìrìn kan kún ti ọ̀sẹ̀. Rẹwáyà sọ iná iwájú kalẹ̀. A lọ Ìbòkun lánàá, a bọ̀, mi ò gbọ́ "gbàà" rárá. Nígbà tí a dé ilé, màámi bọ́ sílẹ̀ fúnra wọn láìdi ilẹ̀kùn mú. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí irú ẹ̀.

Ohun kan ló kù: bí ọkọ̀ bá ṣófo tí mo sì gun bọ́ǹpù, mò ń gbọ́ "kọ́" kékeré lẹ́yìn.

Ìyá Ọlọ́sàn

Mo dúpẹ́ fún màmá ẹ. Bá mi kí wọn.

Ọ̀gá Abúlé Mẹkáníìkì

"Kọ́" yẹn, ṣọ́ọ̀kù ló na tán. Táyà ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn bọ́ǹpù, ṣọ́ọ̀kù sì ń já an gbà. Má jẹ́ kó pẹ́, yóò fa orí rẹ̀ ya. Wá èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tó ga ní ínṣì 2.

Mo sì fẹ́ rí ọkọ̀ náà padà. Lọ́jọ́ Sátidé òjò lé wa, ọmọ iṣẹ́ mi di àwọn bọ́ọ̀tì ọ̀pá ẹ̀yìn pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè. Kò dára bẹ́ẹ̀. Búùṣì á ti lọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀, á sì máa lọ́ títí á fi ya. A ó tú gbogbo wọn díẹ̀, a ó jẹ́ kí táyà gbé ọkọ̀ lórí ilẹ̀, a ó wá dì wọ́n pa. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni, mi ò ní gba owó.

Ọmọ Elépo

Ọ̀gá, ẹ ṣé o. A ti ṣe é láàárọ̀ yìí, mo sì gbé ṣọ́ọ̀kù tuntun wá pẹ̀lú, àǹtí mi ló yá mi ní èyí tó kù. Ọ̀gá sọ ààsìlì kalẹ̀ pátápátá pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kù gígùn yẹn láti wò ó: kọ́ìlì ṣì há sínú àwo, ọ́ọ̀sì bíréèkì ṣì ní ìtura. Mo gun bọ́ǹpù mẹ́ta láti abúlé mẹkáníìkì dé Òkè-Baálẹ̀, "kọ́" ti dákẹ́. Kọ́ìlì ti jókòó díẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti dè é: 572 lọ́tùn-ún, 571 lósì.